Ọwọ́ Ìyá Anwar àti Ewúrẹ́ Elegbeka

Ara mi ti balẹ̀ báyìí, mo lè sọ ọ́. Bó bá jẹ́ oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni, ẹ ò lè dárúkọ ọ̀rọ̀ yìí sí mi létí kí n má bá yín jà, nítorí pé ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Veronica lorúkọ mi, Ìyá Kingsley ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ káàdì aláìsàn ní ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Nọ́ọ̀sì kọ́ ni mí o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kọ “ibà àti taifọ́ọ̀dù” sórí káàdì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó rọrùn kó gbàgbé pé nọ́ọ̀sì kọ́ lòun.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Anwar ni mo fẹ́ sọ. Lábísí lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wọn àti tiwa, nítòsí ọjà Ọ̀wọ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n, Kátólíìkì ni wá, a sì ti ń bu iyọ̀ lọ́wọ́ ara wa láti ìgbà tí Kingsley mi àti Anwar tirẹ̀ ti jọ ń gbá bọ́ọ̀lù fọ́ wa ní fèrèsé. Ẹran ló ń sìn. Kì í ṣe pé ó ní ẹran púpọ̀ tirẹ̀, ó ń gba ẹran sìn ni. Bí ẹnì kan ní Ijagba tàbí Afo bá ní abo ewúrẹ́ tí kò ráyè tọ́jú, á mú un wá fún Ìyá Anwar. Bí ewúrẹ́ náà bá bímọ, ọmọ kan á jẹ́ ti ẹni tó ni ín, èkejì á jẹ́ ti ẹni tó sìn ín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa pín in lọ.

Ohun tó mú kí wọ́n máa kó ẹran wá láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ Ìyá Anwar kéré bí ọwọ́ ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá. Bí ọmọ bá há sí ewúrẹ́ lára, á fi epo pa ọwọ́ náà títí dé ìgbúnwọ́, á rọra tì í wọlé, á wá orí ọmọ rí, á yí i, á sì fà á jáde wẹ́rẹ́. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ìjọba bá mọ̀ ọ́n ni, wọn ì bá ti gbà á sí ilé ìgbẹ̀bí.

“Ẹ fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ewúrẹ́ mi o, Ìyá Kingsley,” ló máa ń wí. “Ewúrẹ́ tó ń rọbí kì í bú èèyàn. Àwọn tó ń rọbí lọ́dọ̀ yín, ìyá nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń bú.”

Àwa méjì la jọ máa ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ẹnì kẹta inú ilé náà ni Toyyibah, ìyàwó Anwar. Àkúrẹ́ ni Anwar ti ń ṣiṣẹ́ iná, ó ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nítorí pé ó lóyún. Lọ́dún tó ṣáájú, oyún kan ti wálẹ̀ lára Toyyibah ní oṣù kẹrin. Èmi ni mo bá a gbé omi gbígbóná wọlé lọ́jọ́ yẹn, mi ò fẹ́ rántí ojú rẹ̀. Nígbà tó tún wá lóyún yìí, Ìyá Anwar kò jẹ́ kó gbé korobá omi, kò jẹ́ kó gun àga, bó bá sín lásán a óò sáré wò ó. Oyún yẹn ni gbogbo wa gbójú lé.

Nígbà tí oyún náà wà ní oṣù kẹrin, ọkùnrin kan mú ewúrẹ́ pupa kan wá láti Elegbeka. Ó rà á lọ́jà ni, ewúrẹ́ náà sì ti lóyún. Kò lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ ní ọgbà Ìyá Anwar tó fi bí òkú ọmọ méjì láìtọ́jọ́. Ibi ọmọ kò bá wọn jáde. Ọjọ́ kejì, kò jáde. Ni Ìyá Anwar bá fi epo pa ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó tì í wọ inú, ó sì fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá kan. Toyyibah ló gbé e sínú abọ́ ògbólógbòó, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó o sínú kòtò lẹ́yìnkùlé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní kó fi sílẹ̀, ó ní rárá, ìyá òun ò lè dá iṣẹ́ yẹn ṣe tán kó tún gbẹ́lẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ewúrẹ́ méjì mìíràn tún bí òkú ọmọ. A ní ewé gbágùúdá ni wọ́n jẹ.

Lẹ́yìn náà ni ara Ìyá Anwar bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dé. Á gbọ̀n, òógùn á bò ó, aṣọ rẹ̀ á tutù rinrin, bó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì ara á tún dá. Ìbàdí ń dùn ún, orúnkún ń dùn ún, kò lè lóṣòó ti ẹran mọ́. Ta ni wọ́n pè? Èmi ni. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, mo ṣe ojú bí dókítà, mo ní, “Taifọ́ọ̀dù ni.” Mo ra oògùn ibà, mo ra ti taifọ́ọ̀dù. Ó lò ó fún ọjọ́ márùn-ún, ara rẹ̀ balẹ̀, mo sì ń rìn káàkiri àdúgbò bí ẹni tó ṣẹ́gun. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún dé. Mo tún ra òmíràn. Ìgbà kẹta tó padà wá, mo lọ bá ọkùnrin tó ń ta oògùn lójú títì, mo bú u dáadáa pé ayédèrú ló ń tà. Ọkùnrin náà kàn ń wò mí. Oògùn rẹ̀ kò jẹ̀bi. Èmi ni mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí mo ń pa làpálàpá.

Ní Jímọ̀ kan, mo wọlé tọ̀ wọ́n lọ pẹ̀lú páálí oògùn kẹrin lọ́wọ́. Toyyibah ni mo bá lórí àpótí ní ilé ìdáná, ó fi ìborùn wé ara nínú oòrùn, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ikùn. Mo fọwọ́ kan ọrùn tirẹ̀ náà. Ó gbóná janjan. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, Ìyá Anwar sì di ọwọ́ mi mú.

“Ìyá Kingsley, ẹ jọ̀ọ́,” ó ní. “Tèmi, ẹ lè máa fi dánra wò. Tọmọ yìí, ẹ má fi dánra wò.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Òótọ́ ni kò sì jẹ́ kí n lè bínú. Mo ju páálí oògùn náà sórí tábìlì, a pe kẹ̀kẹ́, ó di ilé ìwòsàn.

Ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ wọn ní láàbù ni Dominic, ọmọ ìjọ wa. Mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti ń gbé àbẹ́là ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọ̀rá rẹ̀ ń kán sí i ní bàtà. Gbogbo ẹni tó ti rí Ìyá Anwar ló bi í pé kí ló jẹ, irú omi wo ló mu. Dominic kò bi í bẹ́ẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó rí bí ìka ṣe là yẹ́lẹyẹ̀lẹ.

“Màmá, iṣẹ́ wo lẹ ń fi ọwọ́ yìí ṣe?”

Áà, ẹ ò rí Ìyá Anwar! Nínú àìsàn yẹn náà, ó jókòó dáadáa. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, ọmọ tó há, orí tó yí, títí dé ibi ọmọ ewúrẹ́ Elegbeka. Dominic fi bírò rẹ̀ sílẹ̀.

“Ọwọ́ lásán lẹ fi fà á?”

“Ọwọ́ ta ni ǹ bá fi fà á? Tìẹ?”

Dominic kò rẹ́rìn-ín. Ó kán omi ẹ̀jẹ̀ Ìyá Anwar sórí táìlì funfun kan, ó kán omi oògùn aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sí i, ó ń mì í jẹ́jẹ́. Lójú wa níbẹ̀, omi náà dì, ó ṣù bí ògì tí omi gbígbóná kò kárí. Ó kán ti Toyyibah sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ti Toyyibah náà ṣù.

Dókítà obìnrin tó wà níbẹ̀ wo Toyyibah, ó ní ọmọ inú rẹ̀ ṣì wà dáadáa, ó sì lọ kọ oògùn fún àwọn méjèèjì. Dominic ló jókòó tì wá tó ṣàlàyé. Ó ní ṣíṣù tó ṣù yẹn fi hàn pé kòkòrò kan ti wọ̀ wọ́n lára, Burusẹ́là ni wọ́n ń pè é, ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i.

“Ẹ̀jẹ̀ wa ní ẹ̀ṣọ́, Màmá. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n. Bí kòkòrò bá wọ ara, àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí á gbé e mì, wọn á sì pa á síbẹ̀. Èyí tó wà lára yín yìí kì í sá fún wọn. Á jẹ́ kí wọ́n gbé òun mì. Bó bá ti dé inú ẹ̀ṣọ́, á dọ́gbọ́n kí ohun tó ń pa kòkòrò níbẹ̀ má kan òun, á wá yàrá kan, á máa jẹ níbẹ̀, á máa pọ̀ sí i níbẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ á sì máa gbé e kiri ara, dé ẹ̀dọ̀, dé inú egungun, dé oríkèé.”

“Olè lọ sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá,” Ìyá Anwar wí.

“Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Oògùn ọjọ́ márùn-ún yẹn, àwọn tó wà níta ló ń pa. Àwọn tó wà nínú yàrá, wọ́n á dúró dè é kó kọjá. Lẹ́yìn náà wọ́n á tún jáde.”

Mo tẹjú mọ́lẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, pé nínú ewúrẹ́ tó bá lóyún, inú sẹ́ẹ̀lì ibi ọmọ ni kòkòrò náà fẹ́ràn jù. Ibẹ̀ ló ti ń bí sí i títí ibi ọmọ á fi bàjẹ́, tí ọmọ á fi wálẹ̀ lókùú. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tó ní ojú egbò kan irú ibi bẹ́ẹ̀, ó ti gbé e wọ ara rẹ̀ nìyẹn.

“Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà,” Ìyá Anwar sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Toyyibah ló wá bi í ní ìbéèrè tí èmi kò lè bi í. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé bó ṣe ń ṣe sí ewúrẹ́ náà ló ń ṣe sí èèyàn?”

“Ó lè ṣe é,” Dominic wí. “Ìdí nìyẹn tí a kò fi ní fi ọjọ́ kan ṣòfò. Oògùn tiyín yàtọ̀ sí ti Màmá díẹ̀ nítorí oyún, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni ẹ̀yin méjèèjì máa lò ó. Oògùn kan wà tí ẹ̀yin méjèèjì jọ máa lò, òun ló ń wọlé tọ̀ ọ́ dé inú yàrá.”

Nígbà tí a ń gba oògùn náà lójú fèrèsé, Dominic fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sọ ohun mẹ́ta fún mi kí n bá wọn rántí. Ó ní wọn kò gbọ́dọ̀ fo ọjọ́ kan. Ó ní bí ara bá tilẹ̀ dá, wọn kò gbọ́dọ̀ dá a dúró. Ìgbà tó ń sọ ẹ̀kẹta, mò ń tú báàgì wá awò ojú mi kí n lè ka orúkọ oògùn, kí wọ́n lè mọ̀ pé mo mọ̀wé. Mo kàn ń dáhùn, “Ẹ̀n-ẹ́n, mo gbọ́.” Irọ́ ni. Mi ò gbọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Sátidé, mo dúró tì wọ́n, àwọn méjèèjì jẹun, wọ́n gbé oògùn mì, mo padà sílé lọ ṣa ẹ̀wà. Kò tíì di agogo méjìlá tí mo fi gbọ́ igbe Toyyibah.

“Ẹ̀jẹ̀! Ìyá, ẹ̀jẹ̀ ni! Yéè, ó tún ti ń wálẹ̀!”

Mi ò mọ bí mo ṣe kọjá ẹnu ọ̀nà. Bàtà ẹsẹ̀ kan ni mo bá lọ. Toyyibah dì mọ́ ilẹ̀kùn yàrá, ó ń fọwọ́ tọ́ka sí póò tó fi tọ̀. Mo wò ó. Omi inú rẹ̀ pupa bí omi sóbò. Jésù Màríà! Mo ké sí wọn lóde kí wọ́n bá wa dá kẹ̀kẹ́ dúró, mo ń fa ìró bo ọmọ náà, mò ń sunkún, mò ń gbàdúrà, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Anwar ti wó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló ń wò.

Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nílẹ̀.

“Ìyá Kingsley, báwo ló ṣe pupa sí?”

“Kí ni kí n sọ? Bíi sóbò!”

“Tèmi náà pupa.”

“Tìẹ kí ni?”

“Ìtọ̀ mi. Láti àárọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tọ̀ ọ́. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò yẹn ti bàjẹ́ ni oògùn ń lé jáde, inú mi ń dùn. Mi ò fẹ́ sọ, kí ẹ̀rù má ba Toyyibah.”

Mo tú ìró náà sílẹ̀. Mo yíjú sí i. “Lábísí!” Ẹ ò mọ ìgbà tí mo ti pe orúkọ yẹn kẹ́yìn. “Ìwọ ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta! Oyún wo ló ń wálẹ̀ lára tìẹ?”

Mo rí Toyyibah tó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó tú aṣọ abẹ́ rẹ̀ wò. Funfun báláú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbà náà gan-an ni ọ̀rọ̀ kẹta tí Dominic sọ bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn lórí mi. Mo pè é lórí fóònù. Mi ò tíì kí i tán.

“Ìtọ̀ wọn pupa, àbí?” ó wí. “Oògùn yẹn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí wàhálà. Mọ́mì, mo ṣáà sọ fún yín. Mo ní ẹ sọ fún wọn kí ẹ̀rù má bà wọ́n.”

Ọmọ náà ò tilẹ̀ bínú. Bó bá bínú ni, ì bá tù mí lára. Mo wolẹ̀ níbẹ̀, mo bẹ Toyyibah, èmi àgbàlagbà. Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́, ó ń sọ pé, “Ẹ dìde, Mọ́mì, ẹ dìde, kò sí nǹkan kan.” Síbẹ̀ mo ní kẹ̀kẹ́ tó ti dé kò ní padà lófo. A gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ lé ikùn rẹ̀, a sì gbọ́ ọkàn ọmọ tó ń sáré gìdìgìdì. Mi ò gbọ́ orin tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, kódà nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí mo ṣe ṣọ́ oògùn yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bí wọ́n bá fún mi ní ìbọn, ǹ bá gbà á. Lọ́sẹ̀ kejì tí ara dá, Ìyá Anwar ní ó tó, mo ní kò tó, ó ń bú mi, ó ń gbé e mì. Àwọn dókítà ẹran wá gba ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ gbogbo. Mẹ́rin ló ní kòkòrò náà, ti Elegbeka wà níbẹ̀. Wọ́n kó wọn lọ pa, wọ́n sì rì wọ́n mọ́lẹ̀ jíjìn. Ìyá Anwar sunkún bí ẹni pé èèyàn ló kú. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá àwọn tó ni wọ́n ní Elegbeka àti Ijagba, kó ṣàlàyé fún wọn lẹ́nu ara rẹ̀. Mo sì bá a wá ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn tó dé apá.

Ara rẹ̀ yá. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò yá. Mo fẹ́ kó yé yín o, kò ní àrùn kankan mọ́, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù ọwọ́ náà. Á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, á tún un fọ̀, kò jẹ́ po ọkà fún Toyyibah, bí wọ́n bá jọ jókòó á fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ ìborùn. Dominic sọ fún un títí pé kì í ràn bẹ́ẹ̀. Á ní òun gbọ́. Á tún lọ fọ ọwọ́.

Oyún náà pé oṣù mẹ́sàn-án. Toyyibah bí obìnrin, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọmọ ké kó tó jáde tán. Wọ́n wé e, wọ́n gbé e fún mi, nítorí èmi ni mo sún mọ́ wọn. Mo yíjú, Ìyá Anwar dúró sí ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́yìn.

“Wá gbé e,” mo ní.

“Ẹ gbé e sókè kí n rí i. Mo ti rí i. Ó tó.”

Obìnrin tó ti fa ọmọ ewúrẹ́ tí mi ò lè kà jáde! Toyyibah ló sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ohùn rẹ̀ kò lágbára.

“Ìyá, ta ló máa wẹ̀ ẹ́ fún mi? Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè.”

Ìyá Anwar mú ọwọ́ rẹ̀ wá síwájú díẹ̀díẹ̀. Mo gbé ọmọ lé e. Ọwọ́ kékeré yẹn mọ bó ṣe ń gbé ọmọ tuntun, orí sínú àtẹ́lẹwọ́ kan, ìdí sínú èkejì. Ó ń wí pé, “Alihamdulilahi, Alihamdulilahi,” èmi Kátólíìkì sì ń ṣe àmín tó le ju tirẹ̀ lọ. Níbi tí a ti ń ṣe èyí ni ọmọ náà tọ̀ sí i lọ́wọ́, ṣùrù. Ìyá Anwar kò pariwo, kò nù ún. Ó gbé ọmọ náà fún mi, ó na ọwọ́ tó tutù náà sí ojú fèrèsé, níbi tí oòrùn ti ń wọlé, ó wò ó títí.

“Ìyá Kingsley,” ó ní, “ẹ wá wò ó. Kò pupa.”